Dópámínì kọ́ ló ń mú nǹkan dùn mọ́ wa: ohun tí Kent Berridge rí lójú eku

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ dópámínì yìí, kẹ́míkà kan tí ọpọlọ wa máa ń ṣe jáde, ti gbòde kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí o. Àwọn kan ń pè é ní kẹ́míkà ìdùnnú, àwọn míì ní ká lọ gbààwẹ̀ dópámínì, ìyẹn ni pé ká jìnnà sáwọn nǹkan tó ń dùn mọ́ wa fúngbà díẹ̀, kí ọpọlọ wa lè sinmi, wọ́n ní téèyàn bá jẹ súìtì dópámínì á jáde, táwọn èèyàn bá tẹ láíkì sábẹ́ fótò ẹ̀ dópámínì á jáde, òun náà ló wá ń mú kí inú ẹ̀ dùn. Òótọ́ ni pé ó máa ń jáde. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ pé òun ló ń mú nǹkan dùn yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún táwọn tó ń ṣèwádìí ọpọlọ ti rí i ní láàbù pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ torí ẹni tí nǹkan yìí bá yé, ojú tó máa fi wo ẹni tí oògùn olóró tàbí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún á yàtọ̀, bó ṣe máa wo ara ẹ̀ náà á yàtọ̀ tó bá di aago méjì òru tó ṣì ń fọwọ́ yí fóònù lọ tí kò sì rí nǹkan gidi kan níbẹ̀.

Kókó ẹ̀ rèé. Kí nǹkan máa wu èèyàn, àti kí nǹkan náà dùn mọ́ ọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú ọpọlọ, ohun tó ń ṣiṣẹ́ ti àkọ́kọ́ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ti ìkejì. Lọ́pọ̀ ìgbà àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni, ebi ń pa yín, àmàlà ń wù yín, ẹ jẹ ẹ́, ó dùn, ọ̀rọ̀ parí, ìyẹn la ṣe máa ń rò pé nǹkan kan náà ni. Àmọ́ wọ́n lè pínyà o. Nǹkan lè máa wu èèyàn débi tí oorun ò ní kùn ún, tọ́wọ́ ẹ̀ bá sì tẹ̀ ẹ́ tán kó má gbádùn ẹ̀ rárá. Dópámínì, ti wíwù yẹn niṣẹ́ ẹ̀.

Ibo wá la ti gba èyí tí wọ́n ń sọ káàkiri yẹn? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Montreal ní Kánádà, ní Yunifásítì McGill, lọ́dún 1954. James Olds àti Peter Milner ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ eku, wọ́n fẹ́ máa fi iná mànàmáná díẹ̀ ta ibì kan níbẹ̀ kí wọ́n wo ohun tó máa ṣe, àmọ́ wáyà ọ̀kan ò débi tí wọ́n fojú sùn, ó yà síbòmíì. Ni eku yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa dà lọ sí igun àpótí tó wà nígbà tíná yẹn ta á, wọ́n gbé e kúrò, ó tún pa dà. Nígbà tó yá wọ́n ṣe irin kékeré kan síbẹ̀ kí eku lè máa fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gbaná, àwọn eku kan sì tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Ta ló máa rí ìyẹn tí ò ní sọ pé eku yẹn ń jayé? Gbogbo ayé gbà pé wọ́n ti rí ibi tí ìgbádùn ń gbé nínú ọpọlọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Arvid Carlsson ní Sweden fi hàn pé dópámínì níṣẹ́ tiẹ̀ tó ń ṣe nínú ọpọlọ, iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000. Bí ìwádìí ṣe ń lọ, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dópámínì jáde máa ń ṣiṣẹ́ gan-an téèyàn bá ń fi iná ta àwọn ibi tí eku ń tẹrin fún yẹn. Roy Wise tóun náà wà ní Montreal, ní Yunifásítì Concordia, wá kọ ọ́ lọ́dún 1982 pé dópámínì ló ń mú nǹkan dùn, torí téèyàn bá fún eku lóògùn tó ń dí dópámínì lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀ ni eku yẹn á máa jáwọ́ nínú títẹ irin tó ń gbé oúnjẹ wá, àfi bíi pé oúnjẹ yẹn ò ládùn lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Àlàyé yẹn mọ́gbọ́n dání, mi ò bá wọn wí, ibi tóun náà ti tàn dé ìgboro nìyẹn tí kò sì kúrò níbẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ ẹ wò ó, àléébù kan wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí eku ṣe ń ṣiṣẹ́ tó kó tó rí nǹkan, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n bóyá nǹkan yẹn dùn lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó rí i tán. Eku ò kúkú lè sọ̀rọ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bi í?

Ibi tí Kent Berridge ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Michigan, ní ìlú Ann Arbor l'Amẹ́ríkà. Ojú eku lòun ń wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ máa mọ ohun tí mò ń sọ, tẹ́ ẹ bá fi nǹkan dídùn kan ọmọ jòjòló létè, á yọ ahọ́n díẹ̀ á máa lá ètè ẹ̀, ojú ẹ̀ á rọ̀, tó bá jẹ́ nǹkan kíkorò ẹ fún un, ẹnu á là gbàgà, imú á kíweje, á fẹ́ pọ̀ ọ́ síta. Eku náà ń ṣe é. Harvey Grill àti Ralph Norgren ló to bí wọ́n á ṣe máa dán an wò lọ́dún 1978, wọ́n á gba inú rọ́bà tín-ín-rín kan fi omi ṣúgà sẹ́nu eku tààrà, eku ò ní rìn lọ síbì kankan, kò ní tẹ nǹkan kan, kò ní wá nǹkan kan, wọ́n á gbé e sórí gíláàsì tí dígí wà nísàlẹ̀ ẹ̀ kí kámẹ́rà lè máa rí ẹnu ẹ̀ láti abẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó wo fídíò yẹn ní díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ omi ṣúgà, ahọ́n á máa yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ síwájú, á wá lá ẹ̀gbẹ́ ètè lọ́tùn-ún lósì, ó tún lè máa lá ọwọ́. Tó bá jẹ́ kuníìnì, á la ẹnu fẹ̀, á gbọn orí, á fọwọ́ nu ojú, á tún máa fi àgbọ̀n ha ilẹ̀. Tí wọ́n bá ti ka iye ìgbà tó ṣe ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ti mọ bó ṣe dùn mọ́ ọn tó nìyẹn, láìjẹ́ pé eku yẹn ṣiṣẹ́ kankan láti rí i gbà.

Mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an, torí irú èèyàn tó máa jókòó ti fídíò ahọ́n eku fún ọdún mélòó kan ló lè rí ohun tí gbogbo àwọn yòókù ò rí.

Lọ́dún 1989, Berridge, Terry Robinson tí wọ́n jọ wà ní Michigan, àti Isabel Venier gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n lo kẹ́míkà kan tó ń pa sẹ́ẹ̀lì dópámínì, ó pa á lára àwọn eku yẹn débi pé nínú ìwádìí irú ẹ̀ tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e, dópámínì tó lọ tó ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láwọn ibi tó ṣe kókó. Ṣé ẹ mọ ohun táwọn eku yẹn wá ń ṣe? Wọn ò ṣe nǹkan kan. Oúnjẹ wà níwájú wọn, omi wà níbẹ̀, wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mu, àfi kí wọ́n máa gba inú rọ́bà rọ oúnjẹ sí wọn nínú kí wọ́n má bàa kú. Tó bá jẹ́ pé dópámínì ló ń mú nǹkan dùn, ó yẹ kí ṣúgà ti di omi lásán lẹ́nu wọn, ohun tí Berridge fúnra ẹ̀ náà sì ń retí nìyẹn. Wọ́n fi omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu. Ahọ́n yọ. Wọ́n lá ètè, bí eku tára ẹ̀ pé ṣe máa ń lá a gẹ́lẹ́. Wọ́n fi kuníìnì sí i, wọ́n la ẹnu, wọ́n gbọn orí. Adùn ò lọ síbì kankan o! Ohun tó lọ ni agbára tó ń mú kí eku gbéra lọ wá a.

Wọ́n wá yí i pa dà láti wò ó. Lọ́dún 1991, Berridge àti Elliot Valenstein fi iná ta ibì kan nínú ọpọlọ eku tó ń mú kó máa jẹun láìdáwọ́dúró, oúnjẹ ṣáá ni eku ń jẹ, àmọ́ nígbà tí wọ́n wojú ẹ̀, oúnjẹ yẹn ò dùn mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà míì gan-an ojú ìríra ló ń ṣe sí i. Lọ́dún 2003 ẹ̀wẹ̀ wọ́n lo àwọn eku wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ti yí jíìnì wọn pa dà kí dópámínì lè pọ̀ lọ́pọlọ wọn, tí wọ́n bá ti mọ̀ pé nǹkan dídùn wà níwájú eré ni wọ́n ń sá lọ síbẹ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lọ́nà, ṣùgbọ́n tó bá dénu wọn tán kò dùn ju bó ṣe ń dùn mọ́ àwọn yòókù lọ. Ẹ rí i báyìí: dópámínì kúrò, adùn wà, dópámínì pọ̀, adùn ò lé. Agbèrò inú gáráàjì ni dópámínì. Òun ló ń pariwo, òun ló ń fa èèyàn lápá wọ inú ọkọ̀, àmọ́ kì í bá wa débi tá à ń lọ, bí ìrìn àjò yẹn bá dùn o, bí kò dùn o, kò kàn án.

Kí ló wá ń mú nǹkan dùn? Ohun tí wọ́n rí yà mí lẹ́nu. Àwọn ibi kéékèèké ni, wọ́n fọ́n ká sínú ọpọlọ, ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ń pè ní nucleus accumbens, òmíì wà ní ventral pallidum, lára eku ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà kan lọ níbùú lóròó. Kẹ́míkà tí ọpọlọ fúnra ẹ̀ ń ṣe, tó jọ mọfíìnì, oògùn líle tí wọ́n fi ń pa ìrora, àti òmíì tó jọ ohun tó wà nínú igbó tí wọ́n ń fà, àwọn ló ń ta ibẹ̀ jí. Tí wọ́n bá fi oògùn tó jọ mọfíìnì kán an síbẹ̀, eku á máa lá ètè lórí ṣúgà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an. Tí wọ́n bá kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan péré, kò ní dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á kàn máa wù ú láti jẹ ni. Ibi tó ń ṣe ti wíwù gbòòrò nínú ọpọlọ, ó lágbára, ibi tó ń ṣe ti adùn kéré, kò sì ṣòro láti dà á rú. Èmi rò pé tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù, ẹ má gbàgbé èyí, torí ó ṣàlàyé ìdí tí nǹkan tó ń wu èèyàn fi máa ń pọ̀ ju nǹkan tó ń tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti iyọ̀ yìí náà, ọdún 2013 ni, Berridge àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Mike Robinson ló ṣe é, Robinson yìí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ o. Irin kékeré kan á yọ jáde lára ògiri, ìró kan á dún, lẹ́yìn náà wọ́n á rọ omi iyọ̀ sẹ́nu eku, irú iyọ̀ tó fi bí ìlọ́po mẹ́ta ju ti òkun tá a mọ̀ lọ. Àwọn eku kórìíra ẹ̀ gidi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ irin yẹn lọ́tàá, bó bá ti yọ báyìí wọ́n á sá lọ lẹ̀ mọ́ ògiri lódìkejì. Lọ́jọ́ kan wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí iyọ̀ gbẹ lára, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí láyé wọn. Lọ́jọ́ kejì irin yọ. Wọn ò rọ iyọ̀ kankan sí wọn lẹ́nu o, irin lásán ló yọ. Àwọn eku sáré lọ bá a, wọ́n ń gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ń fi eyín họ ọ́ jẹ. Irin tí wọ́n ń sá fún!

Ẹ rò ó wò. Iyọ̀ yẹn ò tíì dùn lẹ́nu wọn rí, kò sí ìrántí adùn kankan níbẹ̀ tí wọ́n lè sọ pé òun làwọn ń tọ̀, kìkì ohun burúkú ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀ bí ara wọn ṣe yí pa dà báyìí, ọpọlọ ti ṣírò ẹ̀, ó ti sọ irin yẹn di ohun tó ń wuni. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ohun tá a mọ̀, kì í ṣe ohun tá a rántí nìkan ló ń pinnu ohun tó máa fà wá, ipò tí ara wa wà lásìkò yẹn ń dá sí i lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ti pinnu láàárọ̀ pé òun ò ní ṣe nǹkan kan mọ́, tó wá di alẹ́ tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí ebi ń pa á, tí inú sì ń bí i, tó wá bá ara ẹ̀ nídìí ẹ̀, mọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí.

Ẹ má rò pé gbogbo àwọn onímọ̀ ló gbà pẹ̀lú Berridge lórí gbogbo ẹ̀ o. Wolfram Schultz, tó ṣiṣẹ́ ní Fribourg ní Switzerland kó tó lọ sí Cambridge, wo sẹ́ẹ̀lì dópámínì lọ́pọlọ ọ̀bọ, ó rí i pé tí júùsì bá dé láìròtẹ́lẹ̀ sẹ́ẹ̀lì yẹn á ta jí, àmọ́ tí ọ̀bọ bá ti mọ̀ pé iná kan ló máa ń tàn kí júùsì tó dé, ìgbà tíná tàn ni sẹ́ẹ̀lì á ta jí, júùsì fúnra ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan fún un mọ́, tí júùsì ò bá wá dé, á wálẹ̀. Òun àtàwọn tó tẹ̀ lé e gbà pé ẹ̀kọ́ ni dópámínì ń kọ́ ọpọlọ, ó ń sọ fún un pé nǹkan dáa ju bó ṣe retí lọ tàbí kò tó o. John Salamone ní Yunifásítì Connecticut ní tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ làálàá ni: ẹ gbé oúnjẹ tó pọ̀ sẹ́yìn ògiri, ẹ gbé díẹ̀ síbi tí ò sí ògiri, eku tára ẹ̀ pé á fo ògiri, èyí tí dópámínì ẹ̀ kéré á lọ jẹ díẹ̀ yẹn. Ẹ yọ ògiri kúrò, ibi tó pọ̀ lòun náà á lọ. Lójú tèmi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ òótọ́, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó sọ pé dópámínì ni adùn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ bárakú. Lọ́dún 1993 Terry Robinson àti Berridge kọ àbá wọn pé oògùn olóró, bíi kokéènì, máa ń mú kí ètò wíwù yẹn tètè máa gbaná jẹ, bẹ́ẹ̀ adùn ẹ̀ ò lé, ó tún lè máa dín kù pàápàá. Lára eku, ìgbaná jẹ yẹn lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí wọ́n ti jáwọ́ fífún un lóògùn, eku tó jẹ́ pé ọdún méjì sí mẹ́ta ló ń gbé láyé. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó jáwọ́ fún oṣù mélòó kan, tó wá gba àdúgbò tó ti máa ń rà á kọjá, tàbí tó rí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń fà á, tó sì pa dà sídìí ẹ̀, tó tún ń sunkún fún yín pé òun ò gbádùn ẹ̀ mọ́, irọ́ kọ́ ló ń pa. Àwọn kan á ní tí kò bá dùn mọ́ ọn kí ló dé tó ń ṣe é, ó jọ ìbéèrè tó gbọ́n, àmọ́ ẹ ti rí ìdáhùn ẹ̀ lójú eku. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi owó ilé sọ́wọ́ ẹ̀ o, mo ní kẹ́ ẹ má pè é ní òpùrọ́.

Ti fóònù ńkọ́, ti ààwẹ̀ dópámínì yẹn? Dópámínì kì í ṣe omi tó kún inú kẹ́ẹ̀gì tí a máa gbààwẹ̀ kó lè fà sílẹ̀. Òun la fi ń gbé ẹsẹ̀, òun la fi ń gbéra lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó lè ṣèrànwọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn gbé ohun tó ń ta wíwù yẹn jí kúrò nítòsí, ìró tó ń dún, iná pupa kékeré tó ń sọ pé ẹnì kan kọ nǹkan sí yín, áàpù bẹ́ẹ̀tì tó wà lójú fóònù níbi tẹ́ ẹ ti ń rí i nígbà gbogbo. Bí eku ṣe ń họ irin jẹ yẹn, ohun tó ń sọ pé nǹkan ń bọ̀ náà lágbára tiẹ̀, kò dìgbà tí nǹkan yẹn bá dé.

Èyí tó kù tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé kà dáadáa ni ti àìsàn Parkinson, èyí tó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n tí ara sì máa ń le. Sẹ́ẹ̀lì dópámínì ló ń kú lára àwọn tó ní in, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún wọn lóògùn tó ń ṣiṣẹ́ dópámínì, bíi pramipexole àti ropinirole. Oògùn gidi ni, ó ń jẹ́ kí wọ́n lè rìn. Àmọ́ lára àwọn kan, wíwù á wá pọ̀ jù. Lọ́dún 2010 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí 3,090 èèyàn tó ní Parkinson l'Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìdá 17.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo irú oògùn yẹn ló ní ìṣòro títa tẹ́tẹ́, ríra nǹkan láìnídìí, jíjẹ àjẹjù tàbí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tó kọjá ààlà, lára àwọn tí kò lò ó 6.9 ni. Àwọn àgbàlagbà tí ò ta tẹ́tẹ́ rí láyé wọn wà lára irú àwọn tó ń ṣẹlẹ̀ sí, ojú sì máa ń tì wọ́n débi pé wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé Bàbá tó ń lo oògùn yìí ṣàdédé ń ra nǹkan kiri tàbí owó ń pòórá nílé, ẹ má pariwo lé wọn lórí, ẹ má sì gba oògùn yẹn lọ́wọ́ wọn lójijì torí jíjáwọ́ lójijì léwu, ẹ bá wọn lọ bá dókítà tó kọ ọ́ kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí fún un, ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀, lára ọ̀pọ̀ èèyàn ìfẹ́ tẹ́tẹ́ yẹn máa ń rọlẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀.